Agbọ̀n Akọ̀wé

"Ẹ ka èyí tó kàn, Màmá," ni Ọ̀gá Olúgbèmí wí, mo sì kà á.

Láti aago méje àárọ̀ ni mo ti ń kàwé fún ẹ̀rọ bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Eruku ọyẹ́ ti bo Ojú pátápátá. Ojú yìí ni dígí ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sókè bẹ́líìtì. Òun ló máa ń ka àwo orúkọ tó wà lára agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, tí pátákó yóò wá tan iná fún wa. Bí agbọ̀n bá jẹ́ ti ọ̀tún, Apá yóò tì í sórí ìṣàn tó lọ sí ilé ẹni tó ni ín. Bó bá jẹ́ ti òsì, inú Ẹnu ló ń lọ. N kò rí eyín Ẹnu rí, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ló ń bá òdìkejì jáde. Ọdún méjìlá ni mo ti jókòó nídìí bọ́tìnnì Apá ní Ilé Ìpín-Ẹrù Òkè-Ìlérí. Bí iná bá tan àwọ̀ ewé, mo tẹ ọ̀tún. Bó bá tan pupa, mo tẹ òsì. N kò ka àwo kankan rí, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n kà á.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ọwọ́ mi ń wá níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Èmi náà bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní òfin ò gbà kí irin nìkan pa ẹrù ọmọ ènìyàn run, pé ọwọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ kàn án. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹni tí wọn yóò nàka sí ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí mi nítorí pé iṣẹ́ ni mo ń wá.

Ọ̀gá Olúgbèmí dúró tì mí gbọnin, kí n má baà ka irọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, bàtà rẹ̀ ń dán, kò sì tẹ iyẹ̀pẹ̀ oko rí. Inú àwọn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí òkun lé kúrò létíkun ni wọ́n bí i sí, ó sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn. Mo ka "Adérọ̀gbà Olúyẹmí, Òpópónà Kọkànlá." Àwọ̀ ewé. Mo tẹ ọ̀tún, Apá na ọwọ́ oníróbà rẹ̀, gbàgà, agbọ̀n yọ̀ lọ. Mo ka "Ọṣìnúbi Mojísọ́lá." Àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ni mo ka "Ẹyinfúnjowó."

Pupa.

Olúgbèmí rẹ́rìn-ín. Ó ní irú orúkọ wo nìyẹn, àbí ewúrẹ́ ni wọ́n fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Bí ọ̀gá bá dápàárá, ọmọọṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo tẹ òsì, mo sì gbọ́ bí Ẹnu ṣe ń rún un. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "Adúmáadán, ilé Ògbóyè." Òun náà di pupa. Ẹ̀kẹta ni "Awẹ́lẹ́wà." Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ta ni yóò sọ pé òun ò mọ irú orúkọ wọ̀nyí? Orúkọ tí ìyàwó ń sọ àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ ni. Ìyàwó tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í la ẹnu pe ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ wọ inú ilé lórúkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ ṣì ń rákò. Ọkọ rẹ̀ ni. Yóò wo ojú rẹ̀, yóò wo ìrìn rẹ̀, yóò wá èyí tó dùn ún pè fún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa pè é títí ọjọ́ alẹ́. Ní Òkè-Ìlérí, àṣà yẹn ti bá omi òkun lọ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú oko, wọn ò tíì gbàgbé. Mo wá rántí pé ọjọ́ Ajé tí ẹrù oko ń dé ni iná pupa máa ń pọ̀ jù. Ọdún méjìlá ni mo fi ń sọ fún ara mi pé àwọn ará oko ò bìkítà, pé wọn ò mọ bí wọ́n ti ń kọ nǹkan. Èmi, ọmọ oko.

Mo ṣàlàyé fún Olúgbèmí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ mi tán, ó ní Òfin Orúkọ Kan, tó ní orúkọ inú ìwé ìjọba nìkan la gbọ́dọ̀ kọ sára ẹrù, ti pé ogún ọdún, kò sí ilé tí wọn ò fún ní ẹ̀dà tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá lè kọ ìnagijẹ lè kọ orúkọ. Ó ní kí n máa kà á lọ.

Agbọ̀n tó kàn kéré. Ẹni tó dì í fi ọ̀já ìpọnmọ di ẹnu rẹ̀, ó sì ta á ní kókó mẹ́ta. Ìkọ̀wé ara àwo náà dagun bí ẹni tó ń gòkè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Akọ̀wé, ilé Adéṣíyan. Ilé Ìwòsàn Kejì, Òkè-Ìlérí."

N kò lè kà á jáde.

Ilé Adéṣíyan ni ilé wa. Akọ̀wé ni àbúrò mi, Fọlárìn, tí kò kọ ohun kan rí láyé rẹ̀ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Wẹ́dà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé Àṣàkẹ́ wọlé fún ẹ̀gbọ́n wa, Adéyíga. Fọlárìn ti rí èédú lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ti fi kọ ìkọkúkọ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá wa fẹ́ nà án. Ìyàwó tuntun wo ògiri, ó fa ọmọ mọ́ra, ó ní, "Ẹ má nà án, mà, Akọ̀wé ọkọ mi ni." Ó parí. Èmi tí mo ró àrán ìyá mi wọ́lẹ̀ kiri ilé lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, mo di Ìbàdíàrán. Mosúnmọ́lá ni ìwé ìjọba mọ̀ mí sí, ṣùgbọ́n ẹnu Àṣàkẹ́ ò pè é rí.

Oṣù kẹjọ nìyí tí kíndìnrín Fọlárìn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àsẹ́ kékeré kan ló sì wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún gan-an. Ọjọ́ mẹ́wàá ni àsẹ́ kan ń lò. Ti ilé ìwòsàn ti tán. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé èyí tó wà nínú ẹ̀rọ kò lè kọjá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìyẹn, ká máa gbàdúrà. Ọjọ́ Ajé la wà yìí.

Àìsàn kan náà ló pa Adéyíga. Ó kú tán, àsẹ́ mẹ́fà tí kò tíì lò ṣẹ́kù nínú páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀. Òun kò sì lè gbé e wá fúnra rẹ̀, nítorí òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́rù lójú títì mọ́. Bẹ́líìtì ló ni ẹrù. A bẹ̀ ẹ́ kó fi ránṣẹ́. Ó ní òun ti fi méjì ránṣẹ́. A ò rí i. Ó ní òun tún ti fi méjì mìíràn ránṣẹ́. A ò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pè é lórí fóònù, mo bú u. Mo ní ọkọ kan tó sin kò tó o, ó fẹ́ sin èkejì. Ohun kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn: "Ìbàdíàrán, mo ti fi ránṣẹ́." Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ó ti fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó ti dé ibí lẹ́ẹ̀mejì. Ìka mi yìí ló tẹ òsì.

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ó bí mi sí ìjọba, ó bí mi sí irin, ó bí mi sí ọmọ tó dúró tì mí tí bàtà rẹ̀ ń dán. Èyí tó sì burú jù ni ti ara mi, nítorí n kò mọ ibi tí mo lè sá sí fún un.

Olúgbèmí bèèrè ohun tó dá mi dúró. Mo sọ fún un. Mo sọ àìsàn náà, mo sọ àsẹ́, mo sọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ojú rẹ̀ rọ̀, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú sí i. Ó fọwọ́ kan pátákó, agbọ̀n yà sí àyè ìdúró. Ó ní òfin fi ààyè kan sílẹ̀: bí afẹrùránṣẹ́ bá fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba sí ẹ̀rọ létí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n lè tún àwo náà ṣe. Mo pe Àṣàkẹ́.

"Ìyá Bídèmí, èmi ni."

"Ìbàdíàrán. Akọ̀wé ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé ẹrù dé, pé méjì tó ṣáájú náà dé, ọwọ́ mi sì ni mo fi tì wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ní ẹyin lohùn, èyí tí mo sọ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá ti balẹ̀, ó ti fọ́, kò sí bí mo ṣe lè kó o. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí n sọ ohun tó kù ká ṣe. Mo sọ ohun tó kù.

"Kí n pè é lórúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún mọ́kànlélógójì, Ìbàdíàrán. Nígbà tí mo pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, n kò pè é. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ọ̀ràn ilẹ̀ rẹ̀ ní kóòtù, n kò pè é, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mí mọ́lé." Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ṣé yóò yè bí mo bá pè é?"

Mo wojú Olúgbèmí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Yóò yè," ni mo wí.

Mo gbé fóònù sí ẹ̀rọ létí. Mo gbọ́ tó ń bẹ òkú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Bàbá Bídèmí, ẹ foríjì mí." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. "Fọlárìn. Fọlárìn Adéṣíyan." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó tú aṣọ láàárín ọjà.

Ẹ̀rọ ronú. Ohùn rẹ̀ tó tutù yẹn ló fi dáhùn, ohùn kan náà tó fi ń kí wa káàárọ̀: "Orúkọ tí afẹrùránṣẹ́ pè kò bá èyí tó kọ mu. Afẹrùránṣẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ méjì. Òsì." Pátákó pọ́n wẹ̀.

Olúgbèmí yún ọrùn. Ó ní òun rò pé yóò gbà á ni, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yí ìlànà náà padà lóṣù tó kọjá. Ó ní kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ń fèsì. Ó tún wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ tẹ òsì, Màmá. Agbọ̀n mẹ́rìndínlógún ló ti tò sẹ́yìn rẹ̀."

N kò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹrù orí bẹ́líìtì, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ fi ń dá ẹni mọ̀, yóò kú. Ilẹ̀kùn ilé kò ní ṣí fún un, ẹnu ẹ̀rọ omi kò ní da omi fún un, agbọ̀n oúnjẹ rẹ̀ yóò sì wá bá òsì lọ. Mo mọ Súnmọ́nù tí a jọ ṣiṣẹ́, tó yọ bàtà ọmọdé kan kúrò lẹ́nu Apá. Abẹ́ afárá ló ń sùn. Mo rò nípa yàrá mi ní àjà kẹtàdínlógún, mo rò nípa ọdún mẹ́ta tó kù kí n fẹ̀yìn tì. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì.

Mo wá gbọ́ ohùn nínú fóònù. N kò tíì pa á.

"Fọlárìn," ni Àṣàkẹ́ ń wí, ó ń gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. "Ṣé kò gbọ́ ni? Fọlárìn. Fọlárìn Adéṣíyan. Ìbàdíàrán, ẹ sọ fún un pé mo ti pè é. Fọlárìn."

Ó rò pé òun ni kò pè é dáadáa.

"Ẹ má pè é mọ́," ni mo wí. "Ìyá Bídèmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́. Mò ń gbé e lọ fún un."

Okùn pupa kan wà tó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìgbà tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ẹ̀rọ nìkan la gbọ́dọ̀ fà á. Bí a bá ti fà á, ohun gbogbo dúró, kò sì sí ẹni tó lè tú u àfi aláṣẹ tó bá ti olú-ilé-iṣẹ́ wá, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Ọdún méjìlá, n kò fọwọ́ kàn án rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á.

Ilé náà dákẹ́. Àwọn rólà yí díẹ̀, wọ́n dúró. Ẹnu là sílẹ̀, kò lè pa dé.

Olúgbèmí ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, ó ń wo abẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀mí ta ló wà nínú ẹ̀rọ? Màmá, ta ló kó sí i?"

"Ẹ̀mí àbúrò mi," ni mo wí, mo sì gun orí bẹ́líìtì.

Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, kí n ro ti ara mi. Ó pa òwe náà dáadáa, n kò mọ̀ pé ó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé mo lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, pé ẹsẹ̀ náà ni mo fẹ́ fi rìn. Mo gbé agbọ̀n kúrò ní àyè ìdúró. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Mo tú ìborí iṣẹ́ mi, mo ká a, mo fi ṣe òṣùká, mo sì gbé agbọ̀n lé orí. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ru nǹkan kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọrùn kì í gbàgbé. Olúgbèmí dúró lójú ọ̀nà. Mo rìn lọ bá a tààrà. Ó yà fún mi.

Ojú títì Òkè-Ìlérí mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn ènìyàn ń lọ lọ́wọ́ òfo, gbogbo wọn ló dúró wò mí. Àwọn kan fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan ló sọdá wá bá mi, ó wo orí mi, omi ti dúró sí i lójú, ó sì bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kí n bá ọ sọ̀ ọ́ kí o sinmi díẹ̀, ọmọ mi?" Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo ti fẹ́ dé. Ní Òpópónà Kẹsàn-án, iná ara ẹ̀gbà ọwọ́ mi kú. Mo wò ó, mo bọ́ ọ, mo jù ú sí gọ́tà.

Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kò ṣí fún mi. Mo kan fèrèsé. Nọ́ọ̀sì tó yọjú kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ó wo agbọ̀n lórí mi bí ẹni rí ejò. Ó bèèrè orúkọ mi.

"Ìbàdíàrán."

Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní kò sí nínú ìwé.

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè pa á rẹ́."

"Ẹrù ta ni?"

"Ti Akọ̀wé. Yàrá àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àsẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, bí ẹ kò bá gbà á, yóò kú lọ́la."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo rí i tí òun náà ń ro ti ara rẹ̀, n kò sì bá a wí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló ṣí fèrèsé gbàgada, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bá mi sọ̀ ọ́. Ó gbé e mọ́ àyà wọ yàrá lọ. Kò mọ bẹ́ẹ̀dì tó fẹ́ gbé e lọ, ó dúró láàárín yàrá, ó gbóhùn sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Akọ̀wé níbí?"

Ọkùnrin mẹ́ta ló dáhùn.

Àbúrò mi ni ìkẹta, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Àwọn méjì yòókù ti ń gbìyànjú láti dìde jókòó, ọ̀kan ń sọ pé òun ti mọ̀ pé ìyàwó àwọn ò jẹ́ gbàgbé òun, ó ti tó oṣù mẹ́ta tóun ti ń retí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo agbọ̀n, ó wò wọ́n, ó yíjú wò mí lójú fèrèsé pé kí n sọ fún òun ta ni.

Mo nàka sí Fọlárìn. Ojú àwọn méjì tó kù tẹ̀ lé ìka mi, ìka kan náà. Mo mọ ibi tí ẹrù wọn bá lọ: inú Ẹnu.

Agbọ̀n mẹ́rìndínlógún ṣì wà lórí bẹ́líìtì, wákàtí mẹ́rin tí aláṣẹ tí yóò tú okùn fi ń rìn kò sì tíì pé. Mo tún òṣùká mi ká, mo sì padà sọ́nà Ilé Ìpín-Ẹrù.